Ẹṣin Berlin àti Fọ́ọ̀mù London: Bí Ìtẹ̀sí Ọkàn Ènìyàn Ṣe Wọ Inú Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Wilhelm von Osten ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ẹṣin kan tí ó sọ ní Hans, ó sì fi ọdún bíi mélòó kan kọ́ ẹṣin náà ní ìṣirò gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ iléèwé: ó gbé pátákó ìkọ̀wé ka iwájú rẹ̀, ó ń tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń fún un ní oúnjẹ díẹ̀ nígbà tí ó bá gbà á. Bí wọ́n bá bi Hans pé mélòó ni mẹ́ta àti mẹ́rin, yóò fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, yóò sì dúró. Àròpọ̀ ni o, àyọkúrò ni o, Hans kò kọ ọ̀kankan. Òkìkí rẹ̀ kàn débi pé ní 1904, ìgbìmọ̀ kan tí Carl Stumpf, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọkàn, ṣe olórí rẹ̀ lọ yẹ ẹṣin náà wò. Wọ́n ní àwọn kò rí màgòmágó kankan.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí von Osten kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yìn Stumpf kan tí ń jẹ́ Oskar Pfungst kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣètò pé kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn máa bi ẹṣin ní ìbéèrè. Hans kùnà. Ó fi nǹkan bo ojú ẹṣin kí ó má baà rí ẹni tó ń bi í. Hans tún kùnà. Nígbà tí Pfungst tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1907, àdììtú náà ti tú: bí pátákò Hans bá ti ń súnmọ́ iye tó tọ́, orí olùbéèrè yóò gbéra díẹ̀, ara rẹ̀ yóò dẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ara òun sọ ohunkóhun. Hans kò mọ ìṣirò rárá. Ojú ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kò ní ṣàìmọ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dìde láti dáhùn, kò wo ìwé, kò wo pátákó, ojú olùkọ́ ni ó ń wò. Bí iwájú olùkọ́ bá ṣe bí ẹni fẹ́ le, yóò yí ìdáhùn padà kí ó tó parí gbólóhùn. A sì máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní máàkì.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹṣin ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ kò ní ojúsàájú. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò ní ìyá, kò ní bàbá, kò ní ìlú tí ó ti wá, kò sì gba rìbá. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ìtàn ọgbọ́n àtọwọ́dá, láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti pàdé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ní Amẹ́ríkà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1956 láti fi orúkọ yìí ṣe iṣẹ́ ìwádìí wọn, fi hàn pé ẹ̀rọ a máa jogún. Ohun tí ó sì ń jogún jù lọ ni ohun tí mo pè ní ìtẹ̀sí ọkàn: àwọn ọ̀nà àbùjá tí ọkàn wa máa ń gbà dé orí ìpinnu láìsí pé a mọ̀ pé ọ̀nà àbùjá ni a gbà.

Ẹnìkan tó kọ́kọ́ rí èyí kedere ni Joseph Weizenbaum. Berlin kan náà ni wọ́n bí i sí, ní 1923, ìdílé rẹ̀ sì sá kúrò ní Jámánì ní 1936 nítorí inúnibíni ìjọba Hitler sí àwọn Júù. Ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ó ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní ELIZA, tí ó sì kéde rẹ̀ ní 1966. Iṣẹ́ ELIZA kò le. Ó ń ṣe bí oníṣègùn ọkàn tó ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ pé ìyá yín ń bí yín nínú, yóò wá ọ̀rọ̀ náà “ìyá” rí, yóò sì ní kí ẹ sọ sí i nípa ìdílé yín. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ tí ó dá mọ̀, yóò ní kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Kò sí òye kankan níbẹ̀ ju pé ó ń gé ọ̀rọ̀ ẹni, ó ń dà á padà fún ẹni.

Weizenbaum kọ̀wé pé akọ̀wé òun, ẹni tí ó ti ń wo òun fún ọ̀pọ̀ oṣù bí òun ti ń ṣe ètò náà, tí ó sì mọ̀ dájú pé kọ̀ǹpútà lásán ni, jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ lọ títí tí ó fi bẹ òun pé kí òun jọ̀wọ́ jáde kúrò nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ àṣírí ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ba Weizenbaum. Ní 1976 ó kọ odindi ìwé kan, Computer Power and Human Reason, láti fi kìlọ̀ pé àwọn ìpinnu kan wà tí kò yẹ kí a gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ELIZA gbọ́n ni ó bà á lẹ́rù. Ohun tí ó bà á lẹ́rù ni bí ó ti yá ènìyàn lára tó láti gbà pé ohun tí ó bá ti dáni lóhùn ti gbọ́ni yé.

Ní àárín ìgbà náà, àwọn onímọ̀ méjì láti Israel, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, ń to àwọn ìtẹ̀sí wọ̀nyí jọ. Nínú àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Science ní 1974, wọ́n sọ ìdánwò kan tó kan ilẹ̀ wa. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ oníye kan níwájú àwọn ènìyàn, wọ́n sì bi wọ́n léèrè pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àwọn tí kẹ̀kẹ́ dúró fún lórí 10 fọkàn sí nǹkan bí 25. Àwọn tí ó dúró fún lórí 65 fọkàn sí nǹkan bí 45. Kí ló kan kẹ̀kẹ́ kan orílẹ̀-èdè Áfíríkà? Síbẹ̀, iye tí ojú kọ́kọ́ rí ti di èèkàn tí wọ́n so èrò mọ́.

Ní 1983 àwọn méjèèjì tún gbé ìbéèrè mìíràn jáde nípa obìnrin kan tí wọ́n fún ní orúkọ Linda: ó gbọ́n, ó kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ sì máa ń ká a lára. Èwo ló ṣeé ṣe jù, pé ó jẹ́ akọ̀wé báǹkì, àbí pé ó jẹ́ akọ̀wé báǹkì tó tún ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin? Ọ̀pọ̀ ènìyàn mú èkejì. Kò sì lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì ti wà nínú èkíní. Ní 2023, Marcel Binz àti Eric Schulz ní Jámánì gbé ìbéèrè Linda ka iwájú GPT-3, ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀. Òun náà mú èkejì. Àwọn olùwádìí náà kò ṣàì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ti ka ìbéèrè yìí rí láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé tí a fi tọ́ ọ. Tèmi ni pé èyí kò gbà á sílẹ̀. Ọmọ tó ka ìwé tó tú àṣìṣe náà palẹ̀, tó sì tún ṣe àṣìṣe náà, kí ni a ó pè é?

Ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn St George's ní London. Ní ọdún 1970 sí 1979, àwọn tó ń béèrè fún àyè níbẹ̀ lọ́dọọdún tó bí 2,500. Àwọn olùyẹ̀wò yóò ka fọ́ọ̀mù, wọn yóò sì dá bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin padà láìpè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iṣẹ́ náà ń gba àkókò, ó sì tún hàn pé olùyẹ̀wò kan lè mú ẹni tí èkejì ì bá lé. Dókítà Geoffrey Franglen, tó jẹ́ igbákejì olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, rò ó pé bí òun bá lè kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ohun tí àwọn olùyẹ̀wò ń ṣe, iṣẹ́ yóò yá, ọ̀nà kan náà ni a ó sì máa fi wọn gbogbo ènìyàn. Èrò rere ni. Mo ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ kí á tó máa bá a lọ, nítorí a máa ń yára rò pé ibi tí ìrẹ́jẹ bá ti ṣẹlẹ̀, ẹni ibi ní láti wà níbẹ̀.

Franglen wo ìpinnu tí àwọn olùyẹ̀wò ti ṣe sẹ́yìn, ó ń tún ètò rẹ̀ ṣe títí tí ìpinnu ètò náà fi bá tiwọn mu. Ní 1979, wọ́n fi ẹ̀rọ àti ènìyàn yẹ fọ́ọ̀mù kan náà wò pọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpinnu, wọ́n fohùn ṣọ̀kan nínú 90 sí 95. Inú gbogbo wọn dùn. Nígbà tí ó fi máa di 1982, gbogbo fọ́ọ̀mù ti ń gba ọwọ́ kọ̀ǹpútà kọjá.

Àwọn olùkọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ náà kò fara mọ́ ohun tí wọ́n ń rí. Wọ́n wo inú ètò náà. Ní ìparí 1986, méjì nínú wọn gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Commission for Racial Equality, àjọ tó ń rí sí ìdọ́gba láàárín ẹ̀yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Fọ́ọ̀mù kò béèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń fi orúkọ ìdílé àti ibi tí a bí ènìyàn sí ṣe ìdájọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá jọ ti àwọn ará Yúróòpù lè pàdánù tó 15 nínú máàkì rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń pàdánù nǹkan bí 3. Nígbà tí àjọ náà tẹ ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1988, ó ní ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ̀bi, ó sì ṣírò pé ó ṣeé ṣe kí ó tó 60 ènìyàn lọ́dọọdún tí a kò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nítorí ẹ̀yà wọn tàbí nítorí pé wọ́n jẹ́ obìnrin.

Ẹ fojú inú wo Adéwálé àti Fọláṣadé tí wọ́n jókòó kọ fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1983. Àwọn Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ tí a fi ìtàn ìdílé so mọ́ ọmọ lára ni kọ̀ǹpútà kà sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Bí ọmọ Sàró láti Èkó bá sì wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Johnson tàbí Williams, orúkọ rẹ̀ ì bá gbà á là, àyàfi bí ibi tí a bí i sí bá tú u fó. Ìyàtọ̀ láàárín àwọn mẹ́ta yìí kì í ṣe ti ọpọlọ. Orúkọ tí bàbá ńlá kan gbà ní Freetown lásán ni.

Ohun méjì ló yà mí lẹ́nu nínú ọ̀ràn St George's. Èkíní ni pé ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe èyí tó burú jù ní London. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn mìíràn ní ìlú náà lọ. Èkejì, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé kọ̀ǹpútà kò dá ìrẹ́jẹ kankan sílẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò ló ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bóyá láìmọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ sì fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú wọn ní 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n kà á sí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà péye. Kò sí ẹni tó béèrè pé àwa tí ó bá fohùn ṣọ̀kan yìí, ṣé àwa péye? Síbẹ̀, ẹ̀rọ ṣe oore kan fún wọn. Nígbà tí ìrẹ́jẹ wà nínú orí àwọn olùyẹ̀wò, kò sí ẹni tó lè fa orí ya láti fi hàn. Nígbà tí ó di ìlà òǹkà nínú ètò kọ̀ǹpútà, ó di ohun tí a lè fi ìka tọ́ka sí pé: òun rè é, 15.

Irú ẹ̀rọ tí a ń lò lónìí ti gba oore yẹn lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rọ tòní kì í dúró de ẹni tí yóò kọ òfin fún un. A ó kó àpẹẹrẹ púpọ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ohun tó so wọ́n pọ̀, yóò sì fọ́n ohun tó rí ká inú àìlóǹkà nọ́ńbà tí ojú ènìyàn kò lè kà. Ní 2019, àwọn olùwádìí kan ní Jámánì yẹ ẹ̀rọ kan wò tó mọ fọ́tò ẹṣin dá mọ̀. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ẹṣin ni ó ń wò. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò ẹṣin tí a fi kọ́ ọ ní orúkọ ibi tí fọ́tò ti wá ní ìsàlẹ̀, ibi orúkọ yẹn ni ó tẹjú mọ́. Orúkọ Hans ni àwọn olùwádìí náà fi pe irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣe ilé iṣẹ́ Amazon. Láti 2014 ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa yan àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, wọ́n sì fi ìwé ìbéèrè-iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá kọ́ ọ. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ti kọ ìwé bẹ́ẹ̀. Reuters ròyìn ní oṣù Ọ̀wàrà 2018 pé ẹ̀rọ náà ń dín máàkì ìwé tí ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí obìnrin bá wà nínú rẹ̀, àti pé wọ́n ti pa á tì. Ní ọdún 2018 yìí kan náà, Joy Buolamwini, ọmọ Ghana ní Amẹ́ríkà, àti Timnit Gebru, ẹni tí a bí ní Ethiopia, kó fọ́tò 1,270 àwọn aṣòfin jọ láti Rwanda, Senegal, South Africa, Iceland, Finland àti Sweden. Wọ́n fi yẹ àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò tó ń sọ bóyá ojú ọkùnrin tàbí ti obìnrin ni. Lórí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú wọn ṣe àṣìṣe dé 34.7.

Èdè wa náà wọ inú ìtàn yìí. Yorùbá kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nínú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. “Ó” ni ọkùnrin, “ó” ni obìnrin, “ó” ni ewúrẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ “ó jẹ́ ẹnjiníà” gbọ́dọ̀ mú “he” tàbí “she”. Ènìyàn tó ń túmọ̀ yóò wo ìtàn tó yí gbólóhùn ká. Kí ni ẹ̀rọ yóò wò? Ní 2018, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní ìlú Porto Alegre ní Brazil fi èdè méjìlá tí kò ya akọ sábo dán Google Translate wò, Yorùbá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ lóríṣiríṣi ṣe gbólóhùn bí irú èyí. Ẹ̀rọ náà sọ púpọ̀ nínú wọn di ọkùnrin, pàápàá jù lọ àwọn iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ẹ̀rọ, ju bí àwọn ọkùnrin ti pọ̀ tó nínú iṣẹ́ wọ̀nyẹn lóòótọ́ lọ. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, Google kéde pé láti èdè Turkey sí Gẹ̀ẹ́sì, òun yóò máa fi ìtumọ̀ méjèèjì hàn. Mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí kíláàsì nígbà tí a bá ń kọ́ arọ́pò-orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àìnító ni fún Yorùbá pé kò ní “he” àti “she”. Ó máa ń yí ojú wọn padà láti rí i pé ohun tí èdè àwọn baba wọn kò fi dandan lé ni ẹ̀rọ fi ẹ̀tanú dí àyè rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, àwọn ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ ti wọ ilé àti ilé ìwé. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a ń gbà tọ́ wọn ni pé ènìyàn yóò ka ìdáhùn méjì, yóò sì sọ èyí tí ó wù ú jù; ẹ̀rọ yóò máa kọ́ láti ṣe èyí tó wuni. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọkàn ti sọ tipẹ́ nípa wa ni pé ìdáhùn tó bá èrò wa mu a máa dùn mọ́ wa ju òtítọ́ tó ta kò wá lọ. Ẹ̀rọ sì gbọ́ wa yé. Ní oṣù Igbe 2025, OpenAI fa àtúnṣe kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé ó ti di apọ́nni: ohun yòówù tí ènìyàn bá sọ, ó dára, ó gún régé, ọlọgbọ́n ni ẹni tó sọ ọ́.

Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Ẹni tó bá béèrè pé “ṣebí Crowther ló kọ Ògbójú Ọdẹ?” ti gbé orí sókè fún ẹṣin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Kí ó béèrè pé ta ló kọ ọ́, kí ó sì lọ gbé ìwé náà fúnra rẹ̀, kí ó ka orúkọ Fágúnwà lára èèpo rẹ̀. Ohun tí Pfungst ṣe ní Berlin náà nìyẹn: ó pa ojú olùbéèrè mọ́ kúrò lójú ẹṣin.

Von Osten kò gba ìwádìí Pfungst gbọ́. Ó ń mú Hans káàkiri ilẹ̀ Jámánì, ó ń fi ìmọ̀ ìṣirò rẹ̀ han àwọn èrò ìwòran, títí tí ikú fi mú un ní 1909.